Ìyàwó Wọ Aṣọ Dúdú, Aládùúgbò Kọ́lé Fún Un

Aṣọ dúdú ni Narcissa Prentiss wọ̀ lọ́jọ́ ìgbéyàwó rẹ̀. Ọjọ́ 18, oṣù Kejì, ọdún 1836 ni, ní Angelica, ìlú kékeré kan ní ìpínlẹ̀ New York lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Kò sẹ́ni tó kú. Láyé ìgbà yẹn, aṣọ tó bá dára jù nínú àpótí ọmọbìnrin ló fi ń relé ọkọ, ì báà jẹ́ dúdú, ì báà jẹ́ aláwọ̀ ilẹ̀, nítorí pé aṣọ ọ̀hún náà ni yóò máa wọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì àti òde fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ìgbà tí Ọbabìnrin Victoria ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wọ funfun ṣègbéyàwó lọ́dún 1840 ni aṣọ funfun bẹ̀rẹ̀ sí í di àṣà àwọn olówó, ó sì pẹ́ kó tó kan àwọn mẹ̀kúnnù.

Lọ́jọ́ kejì ìgbéyàwó ni Narcissa àti ọkọ rẹ̀, Dókítà Marcus Whitman, gbéra lọ sí Oregon, ní ìwọ̀-oòrùn pátápátá, láti lọ ṣe iṣẹ́ ìhìnrere. Ìrìn náà lé ní 2,000 máìlì, inú oṣù Kẹsàn-án ni wọ́n tó débẹ̀. Àwọn méjèèjì kò fi bẹ́ẹ̀ mọ ara wọn tẹ́lẹ̀. Narcissa ti kọ́kọ́ bẹ ẹgbẹ́ tó ń rán àwọn míṣọ́nnárì jáde pé kí wọ́n rán òun, wọ́n ní àwọn kì í rán obìnrin tí kò lọ́kọ. Marcus náà ń fẹ́ lọ, aya ni kò ní. Bí ọ̀rọ̀ ṣe di ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó nìyẹn. Ìtàn tí wọ́n ń sọ nípa ọjọ́ náà ni pé orin ìdágbére ni wọ́n fi kádìí ìsìn, orin ẹni tó ń fi ilẹ̀ bàbá rẹ̀ sílẹ̀. Bí ìjọ ṣe ń kọ ọ́ ni ẹkún ń gba orin lẹ́nu wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, títí tó fi ku ohùn ìyàwó nìkan. Òun ló dá ẹsẹ ìkẹyìn kọ parí.

Kò rí ìyá rẹ̀ mọ́. Lẹ́tà ló ń kọ sílé, ó sì lè ju ọdún kan lọ kí èsì tó dé. Ó bí ọmọbìnrin kan ní Waiilatpu, láàrin àwọn ẹ̀yà Cayuse tó ni ilẹ̀ ibẹ̀. Ọmọ náà kó sódò, ó kú, nígbà tó wà ní ọmọ ọdún méjì. Lọ́dún 1847, àrùn èèyi tó bá àwọn òyìnbó aṣíkiri wọ̀lú pa àwọn Cayuse lọ́pọ̀lọpọ̀. Àwọn kan lára wọn di ẹ̀bi náà ru Dókítà Whitman, wọ́n sì pa òun àti Narcissa.

Ìdí nìyí tí ẹni tó bá ń ka ìtàn ìgbéyàwó àwọn atẹ̀dó Amẹ́ríkà kò gbọdọ̀ kàn máa fi ijó àti ariwo ibẹ̀ rẹ́rìn-ín. Ọjọ́ ìgbéyàwó lè jẹ́ ọjọ́ tí ọmọ fojú kan ìyá rẹ̀ kẹ́yìn. Ẹni tó bá sì ti dé inú igbó tàbí orí pápá tí kò ti ní ẹ̀gbọ́n, tí kò ti ní àǹtí tàbí bàbá àgbà, ta ni yóò bá a ṣe ìnáwó? Aládùúgbò ni. Aládùúgbò ọ̀hún náà kò sì lówó lọ́wọ́.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é kò farasin, nítorí pé ẹni tó ṣojú rẹ̀ kọ ọ́ sílẹ̀. Joseph Doddridge ni orúkọ rẹ̀, àlùfáà ni, ó sì tún jẹ́ oníṣègùn. Ọmọdé ni nígbà tí bàbá rẹ̀ kó ẹbí wọn lọ sí ìwọ̀-oòrùn Pennsylvania lọ́dún 1773, nígbà tí ibẹ̀ ṣì jẹ́ ìpẹ̀kun ibi tí àwọn òyìnbó tẹ̀ dó dé. Nígbà tó dàgbà, ó rí i pé àwọn tó mọ ìgbà náà ti ń kú tán, ló bá jókòó, ó kọ ìwé nípa ìṣe wọn àti ogun wọn. Ìwé náà jáde lọ́dún 1824. Orí tó sọ̀rọ̀ ìgbéyàwó níbẹ̀ dùn ju orí ogun lọ.

Ó ní gbogbo àdúgbò ló máa ń rọ́ lọ síbi ìgbéyàwó, tọmọdé tàgbà, nítorí pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ òun nìkan ni àpèjọ tí kò sí làálàá nínú rẹ̀. Àpèjọ yòókù, ìkórè ni, tàbí yíyí ìtì igi kúrò lóko, tàbí ìpalẹ̀mọ́ ogun.

Láàárọ̀, ọkọ ìyàwó àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ á pàdé nílé bàbá ọkọ. Dandan ni kí wọ́n dé ilé ìyàwó kó tó di ọ̀sán gangan, torí pé àlùfáà gbọ́dọ̀ so wọ́n pọ̀ kí wọ́n tó jẹun ọ̀sán. Kò sí ṣọ́ọ̀bù aláṣọ, kò sí télọ̀, kò sí alágbẹ̀dẹ tí yóò kan bàtà ẹṣin láàrin 100 máìlì. Àwọn ọkùnrin wọ ṣòkòtò awọ àti ẹ̀wù ọdẹ tí wọ́n hun nílé láti ara ọ̀gbọ̀ àti irun àgùntàn, bàtà wọn náà sì jẹ́ awọ tí wọ́n fọwọ́ ara wọn rán. Irú aṣọ àhunnílé bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn obìnrin wọ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá ní òrùka tàbí bọ́tìnnì tó ń dán, ẹ jẹ́ kó dá yín lójú pé ìyá àgbà rẹ̀ ló jogún un fún un. Orí ẹṣin, gàárì àtijọ́ ni, tàbí àpò, tàbí kúbùsù tí wọ́n fi okùn so mọ́ ọn nínú.

Ọ̀nà tóóró inú igbó ni wọ́n ń gbà. Àwọn aládùúgbò kan á ti ṣáájú wọn, wọ́n á gé igi dí ọ̀nà, wọ́n á fi ìtàkùn ta á níbùú. Àwọn mìíràn á lúgọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, wọ́n á yìnbọn sókè lẹ́ẹ̀kan náà, èéfín á bo gbogbo èrò. Ẹṣin á ta kìtì, àwọn ọmọbìnrin á figbe ta, àwọn ọmọkùnrin á sáré di ọ̀rẹ́bìnrin wọn mú kó má baà já lulẹ̀. Bí ẹnìkan bá fi ọrùn ọwọ́ rọ́, wọ́n á fi ìnujú dì í, ọ̀rọ̀ tán, ó di ilé ìyàwó.

Ó ku bíi máìlì kan kí wọ́n débẹ̀ ni àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin méjì á fi ẹṣin sáré ìgò. Bí ọ̀nà bá ṣe kún fún ìtì igi àti kòtò tó ni eré náà ṣe ń dùn tó. Ẹni tó bá kọ́kọ́ kan ilẹ̀kùn ló gba ìgò ọtí, tí wọ́n ń fi àwàdà pè ní Black Betty. Á gbé e padà wá pàdé àwọn tó kù lọ́nà, ọkọ ìyàwó á mu, gbogbo wọn á sì tọ́ ọ wò ní méjì-méjì, àti ọkùnrin àti obìnrin.

Oúnjẹ ní tiẹ̀ kò wọ́n. Ẹran màlúù wà, ẹran ẹlẹ́dẹ̀ wà, adìẹ wà, ẹran àgbọ̀nrín àti ti béárì pẹ̀lú, bíbọ̀ àti sísun, tòun ti pòtétò àti kábéèjì. Ohun èlò ló wọ́n. Pákó ńlá kan tí wọ́n fi àáké gbẹ́, tí wọ́n ki igi mẹ́rin sí nísàlẹ̀, ni tábìlì. Ọpọ́n igi ló pọ̀ jù nínú àwo. Bí ọ̀bẹ kò bá kárí, olúkúlùkù á yọ èyí tó wà nínú ìgbànú rẹ̀.

Wọ́n jẹun tán, ijó kàn. Gòjé òyìnbó ni wọ́n ń ta, ijó náà sì gbọ́dọ̀ mọ́. Bó bá rẹ ẹnìkan tó lọ fara pamọ́ sùn, wọ́n á wá a rí, wọ́n á fà á wá sójú agbo. Nígbà tó bá di bí agogo mẹ́sàn-án tàbí mẹ́wàá alẹ́, àwọn ọmọbìnrin kan á jí ìyàwó gbé kúrò láàrin ijó, wọ́n á mú un gun àkàbà lọ sórí àjà láti lọ tẹ́ ẹ sórí ibùsùn. Ilé oníyàrá kan ṣoṣo ni, gbogbo èrò ló wà nínú rẹ̀. Báwo ni ìyàwó ṣe máa gun àkàbà lójú èrò? Wọ́n ti rò ó. Ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ni wọ́n máa ń gbé àkàbà sí, wọ́n á ṣí ilẹ̀kùn bò ó, wọ́n á fi ẹ̀wù àti yẹ̀rì kọ́ ara rẹ̀ bí aṣọ ìkélé, wọ́n á sì gbé àbẹ́là sí ìhà kejì ilé. Tálákà ni wọ́n o, ṣùgbọ́n wọn kò fi ojúti ọmọ ọlọ́mọ ṣeré. Lẹ́yìn èyí ni àwọn ọmọkùnrin á mú ọkọ náà gòkè. Lóru, ẹnìkan á rántí pé ebi á ti máa pa àwọn ọlọ́jọ́, wọ́n á gbé Black Betty gòkè pẹ̀lú ẹran àti búrẹ́dì tó tó èèyàn mẹ́fà jẹ, dandan sì ni kí tọkọtaya jẹ nínú rẹ̀.

Ẹni tí wọn kò bá pè ńkọ́? Ìyẹn náà ní ọ̀nà tirẹ̀. Doddridge ní irú wọn á yọ́ wá lóru, wọ́n á gé irun ọrùn àti ìrù ẹṣin àwọn àlejò.

Ṣùgbọ́n ẹ̀bùn ìgbéyàwó gan-an kò tíì dé. Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, àwọn èèyàn kan náà tó jó mọ́jú á tún padà wá, àáké lọ́wọ́, sórí ilẹ̀ tí òbí fún tọkọtaya, wọ́n á kọ́lé fún wọn. Àwọn kan ń gé igi, àwọn kan ń fi ẹṣin wọ́ ọ jọ, ẹnìkan tó mọ igi í yàn á lọ wá èyí tó tọ́ gbọọrọ tí wọ́n lè là sí pákó òrùlé. Ìyẹn tán lọ́jọ́ kìíní. Lọ́jọ́ kejì, àwọn mẹ́rin tó mọ iṣẹ́ jù á dúró sí igun mẹ́rin, wọ́n á máa gé ojú ìtì igi kí ó lè wọnú ara wọn, àwọn tó kù á máa gbé e fún wọn láti ìsàlẹ̀. Kí oòrùn tó wọ̀, ògiri ti dúró, òrùlé ti bò ó. Lọ́jọ́ kẹta, wọ́n á tẹ́ ilẹ̀ ilé, wọ́n á kan tábìlì, àpótí ìjókòó àti ibùsùn. Kò sẹ́ni tó gba owó iṣẹ́. Tọkọtaya kò tíì gbọdọ̀ wọlé náà o: àfi kí wọ́n kọ́kọ́ fi odindi òru kan jó nínú rẹ̀, kí ilé lè gbóná. Ilẹ̀ mọ́, wọ́n kó wọlé.

Àwọn obìnrin ní tiwọn ti ń ṣiṣẹ́ láti ọjọ́ pípẹ́. Ìbora tí wọ́n ń pè ní kúìtì ni wọ́n ń rán, àwẹ́ aṣọ kéékèèké tí wọ́n tò pọ̀ mọ́ra, tí wọ́n fi òwú sí láàrin kó lè mú ooru wá. Wọ́n á ta á sórí férémù igi, obìnrin mẹ́jọ tàbí mẹ́wàá á jókòó yí i ká, abẹ́rẹ́ lọ́wọ́, ọ̀rọ̀ lẹ́nu. Àwẹ́ kan lè jẹ́ ara aṣọ tí ìyá wọ̀ gbó, òmíràn ara ẹ̀wù àbúrò. Láàrin 1840 sí 1860, nígbà tí àwọn ẹbí ń wọ́ lọ sí ìwọ̀-oòrùn, ó di àṣà pé kí àwọn ọ̀rẹ́ kọ orúkọ wọn sára àwẹ́ kọ̀ọ̀kan kí wọ́n tó rán an pọ̀ fún ẹni tó ń lọ. Obìnrin bẹ́ẹ̀ á wà lórí pápá Kansas tàbí ní Oregon, á fi orúkọ àwọn tí kò ní rí mọ́ bora sùn.

Kì í ṣe gbogbo àṣà wọn ló ṣeé yìn. Shivaree wà níbẹ̀, ọ̀rọ̀ tí wọ́n yá lọ́wọ́ àwọn Faransé. Ní òru àkọ́kọ́ tí tọkọtaya bá wà nínú ilé ara wọn, àwọn èèyàn á yọ́ wá yí ilé po, wọ́n á máa lu ìkòkò àti páànù, wọ́n á máa mi agogo ọrùn màlúù, wọ́n á máa yìnbọn. Wọn kò ní dákẹ́ títí ọkọ á fi ṣílẹ̀kùn, tí yóò fún wọn ní ohun jíjẹ àti mímu. Ẹni tó bá ya ahun, wọ́n lè gbé e jù sódò. Arúgbó tó fẹ́ ọmọdébìnrin ni ariwo rẹ̀ máa ń le jù, torí pé ọ̀nà tí àdúgbò fi ń sọ pé inú àwọn kò dùn sí i nìyẹn. Nígbà mìíràn ọkọ á bínú fa ìbọn yọ, èèyàn á sì kú síbi eré.

Àlùfáà pàápàá kì í sí nítòsí. Orí ẹṣin ni ó ń gbé, láti ibùdó dé ibùdó, ó sì lè tó oṣù mélòó kan kó tó tún yí dé. Bó bá dé, awọ ẹran tàbí àgbàdo ni wọ́n lè fi san owó iṣẹ́ rẹ̀. Síbẹ̀ ìwé ṣe pàtàkì, ìtàn àwọn òbí Abraham Lincoln sì jẹ́rìí sí i. Ọjọ́ 12, oṣù Kẹfà, ọdún 1806 ni Thomas Lincoln àti Nancy Hanks ṣègbéyàwó ní Kentucky. Àlùfáà Mẹ́tọ́díìsì kan, Jesse Head, ló so wọ́n pọ̀. Nígbà tí ọmọ wọn di Ààrẹ, àwọn ẹlẹ́nu méjì ń sọ pé àwọn òbí rẹ̀ kò fẹ́ra wọn dáadáa, torí pé wọ́n wá ìwé wọn ní kóòtù agbègbè tí wọ́n ti gbé, wọn kò rí i. Kóòtù agbègbè Washington, níbi tí ìgbéyàwó ti wáyé, ni ìwé náà wà ní gbogbo ìgbà náà. Lincoln ti kú kí wọ́n tó rí i.

Nígbà tó yá, ìjọba fi ọwọ́ sí ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó láìjẹ́ pé ó ní òun fẹ́ ṣe bẹ́ẹ̀. Lọ́dún 1850, wọ́n ṣe òfin ilẹ̀ kan fún Oregon: òyìnbó ọkùnrin tí kò níyàwó á gba 320 éékà, ẹni tó bá níyàwó á gba 640, ìlàjì rẹ̀ á sì wà lórúkọ ìyàwó fúnra rẹ̀. Ohun tó ṣọ̀wọ́n nígbà náà ni pé kí obìnrin abilékọ ní ilẹ̀ tirẹ̀, ó yẹ ká sọ ìyẹn. Ṣùgbọ́n àwọn ẹ̀yà tó ni ilẹ̀ náà kò tíì tà á, òfin náà kò sì fún èèyàn dúdú ní nǹkan kan. Ohun tó tún burú ni pé obìnrin kò tó nǹkan ní Oregon. Àwọn ọkùnrin ń sáré kiri wá ìyàwó nítorí ilẹ̀, àwọn òbí kan sì ń fa ọmọ ọdún méjìlá tàbí mẹ́rìnlá lé wọn lọ́wọ́. Kò sí ijó kankan tó lè mú ìyẹn dára.

Òfin ọdún 1862 yí i padà. Obìnrin tó ti pé ọdún mọ́kànlélógún, tí kò lọ́kọ, lè gba 160 éékà lórúkọ ara rẹ̀. Bó bá ti wọlé ọkọ, àǹfààní náà ti bọ́. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn ọmọbìnrin kan ṣe ní kí ọkọ àfẹ́sọ́nà dúró ná, kí àwọn kọ́kọ́ gba ilẹ̀. Kò sì sẹ́ni tó lè pè wọ́n ní òmùgọ̀. Ní Seattle, níbi tí àwọn ọkùnrin ti pọ̀ lọ súà, Asa Mercer kó àwọn obìnrin mọ́kànlá wá láti ìlà-oòrùn lọ́dún 1864, ó sì tún kó òmíràn wá lọ́dún 1866. Òun náà fẹ́ ọ̀kan lára àwọn tó kó wá kẹ́yìn. Lizzie Ordway, tó bá àwọn àkọ́kọ́ dé, kò fẹ́ ẹnikẹ́ni. Iṣẹ́ olùkọ́ ló ń ṣe, títí ó fi di alábòójútó àwọn ilé ẹ̀kọ́ agbègbè kan.

Ọjọ́ 25, oṣù Kẹjọ, ọdún 1885, ìyàwó mìíràn tún wọ aṣọ dúdú, ní De Smet, ní Dakota. Laura Ingalls ni, ọmọ ọdún méjìdínlógún, ẹni tí àwọn ọmọdé káàkiri ayé wá mọ̀ nígbẹ̀yìn nítorí àwọn ìwé tó kọ nípa ìgbà èwe rẹ̀. Ìyá Almanzo Wilder àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ti ń gbèrò ìgbéyàwó ńlá ní ṣọ́ọ̀ṣì. Almanzo mọ̀ pé òun kò lówó rẹ̀, ó ní kí àwọn tètè ṣe é kí wọ́n tó dé. Aṣọ tí Laura ní tó dára jù, dúdú ni. Ìyá rẹ̀ kò fẹ́ dúdú, torí pé àwọn àgbà wọn máa ń sọ pé ìyàwó tó bá wọ̀ ọ́ á kábàámọ̀, ṣùgbọ́n kò sí àyè láti rán òmíràn. Wọ́n lọ sílé àlùfáà láàárọ̀. Laura ti sọ ṣáájú pé òun kò ní búra láti máa gbọ́ràn sí ọkọ lẹ́nu, àlùfáà náà kò sì béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n jẹun ọ̀sán nílé ìyá rẹ̀, wọ́n sì wa kẹ̀kẹ́ ẹṣin wọn lọ sínú ilé tuntun tí Almanzo ti kọ́ sílẹ̀.

Kò sí igi lórí pápá Dakota, pákó tí wọ́n ń fi owó rà ni wọ́n fi ń kọ́lé níbẹ̀. Laura kọ ọ́ sínú ìwé pé lẹ́yìn tí òun ti wọlé náà ni òun tó mọ̀ pé gbèsè 500 dọ́là wà lórí rẹ̀. Ọ̀dá ba oko wọn jẹ́. Àrùn ọ̀fun tí wọ́n ń pè ní diphtheria dá àwọn méjèèjì wó lẹ́ẹ̀kan náà, Almanzo kò sì fi ẹsẹ̀ rìn geere mọ́ láti ìgbà náà. Lọ́dún 1889, ọmọkùnrin tí wọ́n bí kú kí wọ́n tó sọ ọ́ lórúkọ, iná sì jó ilé náà ní oṣù kan náà. Lọ́dún 1894 wọ́n kó ẹrù wọn lọ sí Missouri, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ilé mìíràn níbẹ̀ díẹ̀díẹ̀, bí owó bá ṣe ń wọlé. Wọ́n jọ wà pọ̀ títí Almanzo fi kú lọ́dún 1949, lẹ́yìn ọdún 64 tí wọ́n ti fẹ́ra.